Ìrora Tó Bá Sàlísù Wọ Kànga

Ilé kan náà ni èmi àti Sàlísù jọ yá yàrá sí ní Ìfọ̀ lọ́dún 1988. Ọmọ Ìwó ni, kànga ló ń gbẹ́ jẹun, kò sì tíì pé ogójì ọdún nígbà yẹn. Ó fẹ̀ láyà, apá rẹ̀ le bí igi, ọ̀rọ̀ kì í sì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bàṣírátù, ìyàwó rẹ̀, ń ta kẹrosíìnì níwájú ilé. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Toyyibah lorúkọ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣojú mi. Ìyókù, ẹnu Sàlísù fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ pọ̀ fún wọn lákòókò náà. Owó ilé ti ga jù l'Ékòó, àwọn òṣìṣẹ́ ń ra ilẹ̀ sí Àgbàdo, sí Òkè-Aró, títí dé Ìbàfò àti Mowé lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá sì ti ra ilẹ̀, kànga ló kọ́kọ́ máa ń gbẹ́, kí ó lè rí omi po sìmẹ́ńtì. Sàlísù àti Ògúnkànmí ni wọ́n máa ń pè. Ọmọ Ìfọ̀ gan-an ni Ògúnkànmí, ó fi ọdún díẹ̀ ju Sàlísù lọ, Sàlísù a sì máa pè é ní Ẹ̀gbọ́n. Sàlísù ni í wọ inú ihò, Ògúnkànmí ni í dúró lókè, tí í fi okùn fa iyẹ̀pẹ̀ jáde. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò ní nǹkan mìíràn tó so ó mọ́ ayé ju okùn yẹn lọ, ọwọ́ ẹni tó wà lókè ló sì wà.

Ìbàfò ni ìrora náà ti bẹ̀rẹ̀. Omi kì í jìnnà níbẹ̀, ṣùgbọ́n iyanrìn a máa ya, nítorí náà wọ́n máa ń sọ òrùka kọ̀ǹkéré sínú kànga láti dá a dúró. Sàlísù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbá òrùka kan mú, ó gbé e, ó sì yí ìbàdí láti sọ ọ́ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó ní nǹkan kan ṣe “tọ́” nísàlẹ̀ ẹ̀yìn òun, bí ìgbà téèyàn bá ṣẹ́ igi tútù. Kò dùn ún títí. Ó na ara, ó parí iṣẹ́ ọjọ́ náà, ó sì wálé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò lè dìde lórí ẹní.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ìrora ti kúrò lẹ́yìn, ó ti sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí òsì. Láti ìdí ó gba ẹ̀yìn itan, ó gba ẹ̀yìn orúnkún, ó já sí gìgísẹ̀. Ó ń ta bí iná. Bí ó bá wúkọ́, á dà bí ẹni pé wọ́n ki irin gbígbóná bọ ẹsẹ̀ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ó bá jókòó, kò lè pẹ́ níbẹ̀. Bí ó bá dùbúlẹ̀, àyàfi kó ká ẹsẹ̀ kò. Ọkùnrin tí mi ò gbọ́ kó ké rí, mo gbọ́ tó ń ké nínú yàrá nítorí pé ó sín.

“Jẹ̀díjẹ̀dí ni,” ni baálé ilé wa wí. “Àwọn tó ń jẹ ohun dídùn púpọ̀ ló máa ń mú.”

Ó mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí títí ìgbẹ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ìrora kò yẹ̀. Ọkùnrin tó ń ta oògùn ní ẹnu ọ̀nà ọjà fún un ní hóró oògùn, ó ní kí ó tún jẹ́ kí òun gún un lábẹ́rẹ́ sí ìdí tó ń dùn ún gan-an. Bàṣírátù kọ̀. Ó ní òun mọ ọmọ kan ní Ìwó tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ báyìí, tí kò rìn dáadáa mọ́. Hóró oògùn náà mú kí ó sùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ara ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kú. Bàṣírátù fọwọ́ kan òkè ẹsẹ̀ rẹ̀ nítòsí ọmọ ìka, ó bi í bóyá ó mọ̀ ọ́n lára.

“Mo mọ̀ pé o fọwọ́ kàn mí,” ni Sàlísù wí. “Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé o wọ ìbọ̀sẹ̀ fún mi.”

Nígbà náà ni ẹ̀gbọ́n Bàṣírátù dé láti Mowé. Sùwéébátù lorúkọ rẹ̀, oníṣòwò ata gbígbẹ, obìnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti rí ìdí ohun gbogbo. Ó jókòó ti àna rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ méjèèjì, ó mi orí.

“Àìsàn tó mú ẹsẹ̀ kan, tó fi èkejì sílẹ̀,” ló wí, “kì í ṣe àìsàn lásán. Wọ́n ta á lọ́fà ni.”

“Ta ni yóò ta á?” ni Bàṣírátù bi í.

“Ẹ̀yin lẹ mọ ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ta ló ń bu omi sílẹ̀ kí wọ́n tó fi díígà kan ilẹ̀? Ta ló mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa kọ́kọ́ tẹ̀?”

Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ pé Ògúnkànmí ló ń bá wí. Òótọ́ ni pé Ògúnkànmí máa ń bu omi tútù sílẹ̀ láti fi tu ilẹ̀ lójú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀; ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti jogún rẹ̀. Òótọ́ sì tún ni pé onílé kan ní Mowé ti pe Sàlísù nìkan fún iṣẹ́ ńlá kan láìpẹ́ sígbà yẹn, tí Ògúnkànmí gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

“Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, Àǹtí,” ni Sàlísù wí. “Ẹ̀gbọ́n ò lè ṣe mí níbi.”

Ó sọ ọ́ lẹ́nu ni. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ nínú, kò sì jáde mọ́. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìrora yẹn kò dẹ́rù ba òun tó èrò yẹn. Ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ta, ojú Ògúnkànmí ni òun á rí.

Kànga kan wà ní Àgbàdo tí wọ́n ti gbẹ́ jìnnà kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀. Onílé ń ránṣẹ́. Gaàrí ti wọ́n, oúnjẹ ilé ti ń tán. Nígbà tí ìrora rọlẹ̀ díẹ̀, tí Sàlísù lè rìn bó tilẹ̀ ń tiro, ó ní òun ń padà síbẹ̀.

Bàṣírátù kúnlẹ̀. “Bàbá Toyyibah, ẹ jọ̀ọ́. Ẹsẹ̀ tí kò lè gbé yín dé ilé ìwẹ̀, ṣé òun lẹ fẹ́ fi wọ kànga?”

“Ó ku díẹ̀ ká kan omi,” ló fi dá a lóhùn. Ó mú ṣọ́bìrì rẹ̀, ó lọ.

Ògúnkànmí ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Wọ́n kí ara wọn. Ó béèrè ara, Sàlísù ní ó ti fúyẹ́. Lẹ́yìn náà Sàlísù ṣe ohun tí kò ṣe rí: ó mú okùn, ó sì ń yẹ̀ ẹ́ wò díẹ̀díẹ̀ láti ìdí dé orí, ó ń fà á wò bóyá ibì kan ti fẹ́ já. Ògúnkànmí dúró, ó ń wò ó.

“Kí lò ń wá lára okùn, Sàlísù?”

“Mo kàn ń wò ó ni, Ẹ̀gbọ́n.”

“Láti ọjọ́ tá a ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń wò ó.”

Ògúnkànmí bu omi sílẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, Sàlísù sì rìn yípo ibi tí omi náà dà sí, kò tẹ̀ ẹ́. Ògúnkànmí rí ìyẹn pẹ̀lú.

Ihò kéékèèké ni wọ́n máa ń gbẹ́ sára ògiri kànga láti fi sọ̀ kalẹ̀. Sàlísù ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń gbára lé. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ojú ọ̀run ti kéré bí àwo lókè. Ilẹ̀ ti ń tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, iyanrìn funfun ti ń yọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gún ṣọ́bìrì wọlẹ̀, ó bu iyẹ̀pẹ̀ tútù kún un, ó yí ìbàdí láti dà á sínú korobá.

Ó ní òun ò mọ bí òun ṣe jókòó. Òun kàn rí i pé òun wà nílẹ̀, pé ṣọ́bìrì ti bọ́, pé iná ń jó láti ìdí òun dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ó fẹ́ dìde. Ẹsẹ̀ ọ̀tún dìde, ti òsì kò dìde. Ó wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà, ó ní kó gbé sókè. Kò gbé. Bí aṣọ tútù ló ṣe rọ̀ sínú omi tó ti ń sun.

“Sàlísù,” ni Ògúnkànmí pè látòkè, “mi ò gbọ́ ìró ṣọ́bìrì mọ́. Ṣé kò sí nǹkan?”

“Kò sí.”

Ìdí tó fi parọ́ ni pé kò fẹ́ kí ẹni tó wà lókè mọ̀ pé òun kò lè ran ara òun lọ́wọ́ mọ́. Ó fọwọ́ di ògiri mú, ó fẹ́ fi apá fa ara rẹ̀ sókè. Iyanrìn ya sí i lọ́wọ́. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ibi tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ tún ya, ó bò ó mọ́lẹ̀ dé itan. Omi ń gòkè. Nígbà náà ló ké pé ẹsẹ̀ òun kò gbé òun mọ́.

Okùn sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. “So ó mọ́ àyà, lábẹ́ apá. Kí n máa fà ẹ́.”

Sàlísù di okùn mú, ṣùgbọ́n kò so ó. Ó ní kò sí ohun tó di òun lọ́wọ́. Òun kàn ń rò ó pé tí ó bá jẹ́ ọkùnrin yìí ló ta òun lọ́fà lóòótọ́, tó bá fa òun dé àárín tó wá jọ̀wọ́ òun, ta ni yóò jẹ́rìí?

“Ṣé o ti so ó?”

Kò dáhùn.

Ohùn Ògúnkànmí ti yí padà nígbà tó tún sọ̀rọ̀. “Ṣé o rò pé màá já ẹ sílẹ̀ ni?”

Iyẹ̀pẹ̀ ń ya díẹ̀díẹ̀ lára ògiri, ó ń bọ́ sínú omi. Lẹ́yìn náà Sàlísù gbọ́ tí Ògúnkànmí ń pariwo pe àwọn bíríkìlà tó ń mọlé lórí ilẹ̀ kejì. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Kí ó tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, ìmọ́lẹ̀ òkè ti ṣú, Ògúnkànmí ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá bá a, ẹni tí kì í wọ kànga.

Ibẹ̀ há mọ́ wọn. Ògúnkànmí fọwọ́ kó iyanrìn kúrò lára itan rẹ̀, ó fi okùn yí i láyà, ó ta kókó, ó fa kókó náà wò lójú rẹ̀. Kò wò ó lójú. “Ẹ máa fà,” ló ké sí àwọn ara òkè. Wọ́n fa Sàlísù. Gbogbo bí ara rẹ̀ ṣe ń ha ògiri ni iyẹ̀pẹ̀ ń bọ́ lu ẹni tó kù nísàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n tẹ́ Sàlísù sórí koríko, ó yí orí sí ẹnu kànga, ó ń wo bí wọ́n ṣe sọ okùn padà, tí wọ́n ń fà á. Ó ní òun kò gbàdúrà bẹ́ẹ̀ rí. Ògúnkànmí yọ orí, wọ́n gbá a lápá mú. Kò pẹ́ tí ó jáde tí apá kan ògiri náà wó lulẹ̀, tí omi dà bí ẹrọ̀fọ̀.

Ọkọ̀ tó kó yanrìn wá ló gbé wọn lọ sí ọsibítù. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí Bàṣírátù nílé. Èmi ni mo bá a lọ, Sùwéébátù náà tẹ̀ lé wa. Dókítà obìnrin kan ló wò ó, Dókítà Folúkẹ́ ni wọ́n ń pè é. Kò kánjú. Ó ní kí Sàlísù fẹ̀yìn lélẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sókè ní nínà. Kò tíì gbé e jìnnà tí Sàlísù fi ké. Ó fi owú kan ẹsẹ̀ rẹ̀ káàkiri, ó ní kó gbé àtàǹpàkò sókè, kó fi gìgísẹ̀ tì í lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló bi í ní ìbéèrè tí kò sí nínú wa ẹni tó retí rẹ̀.

“Ìgbà wo lẹ tọ̀ gbẹ̀yìn?”

Sàlísù ronú. “Òwúrọ̀, kí n tó kúrò nílé.”

Ọjọ́ ti rọ̀ nígbà yẹn. Ojú dókítà yí padà díẹ̀. Ó ní kí àwa yòókù bọ́ síta, ṣùgbọ́n a gbọ́ bó ṣe ń béèrè bóyá ara rẹ̀ kú ní àárín itan àti ní abẹ́. Nígbà tó jáde, ó bá Bàṣírátù sọ̀rọ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́.

“Ìṣòro ẹsẹ̀ yẹn, ó ṣeé tọ́jú. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni pé kó má jẹ́ pé ó ti dé ibi tó ń darí ìtọ̀ àti ìgbẹ́. Tí kò bá lè tọ̀, kò lè sun ibí. A ní láti gbé e lọ sí Ìbàdàn kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, láìjáfara. Ẹ fún un lómi, ká dúró wò ó.”

A dúró. Sàlísù mu omi, ó tún mu sí i. Bàṣírátù ń ka tẹ̀súbà, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró lójú kan. Ní ìkángun bẹ́ǹṣì, Ògúnkànmí jókòó nínú aṣọ ẹrẹ̀ rẹ̀, ó ń yọ iyanrìn nínú etí. Wọ́n ran Sàlísù lọ́wọ́ dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n mú un padà. Kò rí nǹkan kan ṣe. Dókítà jáde, ó wò wá, ó sì padà wọlé. Mo gbọ́ tó ń béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan bóyá ọkọ̀ ọsibítù ní epo.

Nígbà tí wọ́n tún mú un lọ, ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà nọ́ọ̀sì yọ orí lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ó ti tọ̀, ó sì tọ̀ dáadáa. Bàṣírátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó bú sẹ́kún.

Nígbà tí dókítà jáde, Sùwéébátù sún mọ́ ọn. “Dókítà, ẹ má bínú. Ṣé kì í ṣe ọfà? Kí ló dé tó jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo?”

Dókítà kò fi í rẹ́rìn-ín. Ó jókòó tì í. “Ìyá, egungun ẹ̀yìn wa kì í ṣe ẹyọ kan. Kéékèèké ló to lé ara wọn. Láàárín ọ̀kan àti èkejì, nǹkan kan wà bíi tìmùtìmù, kí egungun má baà máa ha ara wọn. Ìta rẹ̀ le, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì tán. Tí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó gbé ẹrù wúwo, tó tún wá yí ìbàdí pẹ̀lú ẹrù náà, ìta yẹn lè ya, kí ti inú tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Iṣan ńlá kan wà níbẹ̀. Kì í ṣe èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà o. Èyí tí ara fi ń mọ ìrora, tí ẹsẹ̀ fi ń gbọ́ àṣẹ ni. Láti ẹ̀yìn ló ti gba ìdí, ó gba ẹ̀yìn itan, ó sọ̀ dé ẹsẹ̀. Kò sí èyí tó tóbi tó o lára, ó nípọn tó ìka ọwọ́. Ẹ̀yìn ni nǹkan ti tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni yóò ti máa ké. Ọ̀tún ní tirẹ̀, òsì ní tirẹ̀. Apá òsì ni tàna yín tú sí.”

“Ṣé ẹrù nìkan ló ń fà á?” ni mo bi í.

“Rárá. Awakọ̀ tó ń jókòó látàárọ̀ dalẹ́ lè ní in. Àgbàlagbà tí egungun rẹ̀ ti hù dí ojú ọ̀nà iṣan náà lè ní in. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún síbi tí kò yẹ ní ìdí lè ba iṣan yẹn jẹ́.” Bàṣírátù gbé ojú sókè. “Ọ̀pọ̀ ló máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tirẹ̀ ti fẹ́ rọlẹ̀, kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́ tó dá a sílẹ̀.”

Mo wo ìkángun bẹ́ǹṣì. Ògúnkànmí ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan ọ̀rọ̀ ọfà. Ó dìde, ó kí dókítà, ó kí Bàṣírátù pé ẹ kú ewu, ó sì lọ.

Wọ́n dá Sàlísù dúró ní ọsibítù fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó wálé, wọ́n ní kó má dùbúlẹ̀ jù, kó má jókòó pẹ́, kó máa rìn díẹ̀díẹ̀, kó máa ṣe eré ìdárayá tí wọ́n kọ́ ọ, kó má sì ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbé nǹkan mọ́. Bí ó bá di dandan, kó ká orúnkún, kó fa ẹrù náà mọ́ra. Ìrora lọ díẹ̀díẹ̀. Agbára ẹsẹ̀ pẹ́ kó tó dé. Òjò ọdún yẹn ti dá kí àtàǹpàkò rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sókè; títí di òní, bàtà òsì rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbó.

Ògúnkànmí kò wá kí i. Nígbà tí Sàlísù lè fi ọ̀pá rìn, ó ní kí n sin òun dé ilé rẹ̀. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kò jẹ́, ó wá fọwọ́ kan ilẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, mo fura sí yín. Ẹ jọ̀ọ́.”

“Mo mọ̀,” ni Ògúnkànmí wí. “Ọjọ́ tó o yẹ okùn wò ni mo ti mọ̀.” Ó gbé àga fún un, ó rántí pé kò gbọdọ̀ jókòó pẹ́, ó sì jẹ́ kí àwọn méjèèjì máa dúró. “Mo ti fi orí jì ẹ́. Ká ní mi ò fi orí jì ẹ́ ni, mi ò bá tí wọ inú ihò yẹn. Ṣùgbọ́n ká má tan ara wa, Sàlísù. Ká tiẹ̀ ní ẹ̀yìn rẹ le padà, mi ò lè di okùn fún ẹ mọ́. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ tó ń rò pé màá pa òun, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n.”

Sàlísù kò bá a jiyàn. Ó gba iṣẹ́ kànga lọ́wọ́ onílé lẹ́yìn ìgbà náà, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ló ń gbẹ́ ẹ. Òun á dúró lẹ́nu ihò, kò sì ní jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo gbé òrùka kọ̀ǹkéré. Ògúnkànmí rí ọmọ Ọ̀yọ́ kan tó ń bá a wọ kànga. Tí wọ́n bá pàdé ní Àgbàdo tàbí lọ́jà, wọ́n á kí ara wọn dáadáa, wọ́n á béèrè ọmọ, Ògúnkànmí á sì béèrè ẹsẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.